Agbárí Ọba Ti Délé, Egungun Ẹrú Ńkọ́?

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Faransé kó agbárí mẹ́ta lé àwọn aṣojú Madagásíkà lọ́wọ́ ní Paris. Wọ́n gbà pé ọ̀kan nínú wọn ni orí ọba Toera, ọba àwọn Sakalava ní ilẹ̀ Menabe, lápá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Faransé ya wọ ìlú rẹ̀, Ambiky. Wọ́n pa òun àti ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n sì gbé e kọjá òkun. Ó lé ní 100 ọdún tí orí ọba fi wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Paris, láàárín egungun àwọn ẹlòmíì.

Àwa kan wà tí a máa ń ka ìtàn pa pọ̀ lórí WhatsApp, a ò ju mẹ́fà lọ. Ọjọ́ tí ìròyìn yẹn jáde, gbogbo wa la yọ̀. A ń fi àwòrán ránṣẹ́ síra wa, a ń kí àwọn Malagásì kú oríire bí ẹni pé wọ́n wà nínú gúrúùpù náà. Àfi bí ọ̀kan nínú wa ṣe kọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé: "Orí ọba ti délé, ó dáa. Àwọn ẹrú ọba ńkọ́?" Gbogbo wa dákẹ́. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni fèsì, ẹlòmíì já lù ú: "Ṣebí Faransé tí ẹ ń bú yìí náà ló dá ẹrú sílẹ̀ ní Madagásíkà. 1896. Ẹ lọ wò ó." A lọ wò ó. Òótọ́ ni. Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, a ò sì tíì parí ẹ̀ títí di báyìí.

Ohun tí ìjà náà dá lé nìyí: olè fọ́lé, ó bá ẹnì kan tí onílé dè mọ́lẹ̀, ó tú u sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ ilé di tirẹ̀. Kí ni ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ yẹn jẹ olè? Kí sì ni onílé jẹ ẹ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ilé tí à ń sọ. Púpọ̀ nínú wa, Madagásíkà tí a mọ̀ kò kọjá fíìmù kàtúùnù tí àwọn ẹranko ti ń jó yẹn. Erékùṣù ńlá ni, ìlà oòrùn Áfíríkà ló wà, ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ kò bá èdè àwọn ará Áfíríkà tó múlé tì í tan. Borneo, lápá Indonéṣíà, ní òdìkejì òkun Íńdíà, ni èdè tó sún mọ́ ọn jù lọ wà. Àwọn kan wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti apá ibẹ̀ ní èyí tó ju 1,000 ọdún lọ sẹ́yìn, àwọn mìíràn wá láti Áfíríkà, wọ́n fẹ́ra wọn, wọ́n bímọ, èdè kan náà ni wọ́n sì ń sọ. Ìjọba wọn kì í ṣe ọ̀kan o. Àwọn Sakalava ló lágbára lápá ìwọ̀ oòrùn. Betsimisaraka wà létí òkun ìlà oòrùn. Antemoro, ní gúúsù ìlà oòrùn, ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Malagásì kí òyìnbó ajíhìnrere kankan tó gbé lẹ́tà ABD dé. Orí òkè láàárín gbùngbùn, níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì, ni ilẹ̀ Imerina, àwọn Merina tó wà níbẹ̀ ló sì wá ju gbogbo ìyókù lọ nígbẹ̀yìn.

Andrianampoinimerina (ẹ mú sùúrù, orúkọ tiwa náà kì í fìgbà gbogbo kúrú) ló so Imerina pọ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 1787 sí 1810. Wọ́n ní ó sọ fún ọmọ rẹ̀ kó tó kú pé òkun ni ààlà oko ìrẹsì òun. Ọmọ náà, Radama, gba ọ̀rọ̀ yẹn bí àṣẹ. Ó gbé ogun jáde sí ilẹ̀ àwọn yòókù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ pọ̀ nìyí. Ní 1817, Radama bá Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn. Robert Farquhar, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Mauritius, fẹ́ kí wọ́n dẹ́kun kíkó ẹrú jáde láti Madagásíkà lọ sí oko ìrèké ní àwọn erékùṣù itòsí. Radama gbà pé òun ò ní jẹ́ kí ẹrú jáde mọ́. Gẹ̀ẹ́sì náà gbà láti máa fún un ní owó, ìbọn àti ẹ̀tù, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ni ọba Madagásíkà. Ẹni tó bá kà á gààràgà á ní ohun rere ni, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún ẹni tí wọn ì bá kó sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Òfin náà ní kí ẹrú má jáde. Kò ní kí wọ́n má kó èèyàn lẹ́rú. Ìbọn tí Gẹ̀ẹ́sì fi san owó òfin ni Radama fi ń jagun, ogun yẹn ló sì ń mú ẹrú wá. Àwọn tí ọkọ̀ ì bá ti kó lọ tẹ́lẹ̀ wá ń lọ sí orí òkè Imerina. Wọ́n pọ̀ débi pé kì í ṣe ọmọ ọba nìkan ló ń ra ẹrú mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n tún ń ra àwọn tí ọkọ̀ kó wá láti Mòsáńbíìkì. Masombika ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ẹrú lédè wọn ni andevo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó dùn wá ju ìyẹn lọ. Wọ́n máa ń pe ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní very. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí ni ẹni tó sọnù. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n nà, kì í ṣe ẹni tí ebi ń pa. Ẹni tó sọnù. Àwọn ará ilé rẹ̀ ń wá a, wọn ò rí i. Àwọn àgbà tiwa náà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí wúwo tó, wọ́n ní ẹrú kú, ìyá ò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá ẹ̀.

Ká tó lè mọ ohun tó burú nínú kéèyàn sọnù ní Imerina, a ní láti mọ ibojì wọn. Òkúta ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ó sì lè le ju ilé tí alààyè ń gbé lọ. Gbogbo ìdílé ló ń sùn sínú kan náà. Àsìkò máa ń tó tí wọ́n á ṣí i, tí wọ́n á gbé àwọn òkú jáde, tí wọ́n á fi aṣọ sílíìkì tuntun wé wọn, pẹ̀lú ìlù, fèrè, ijó àti oúnjẹ. Famadihana ni wọ́n ń pe ayẹyẹ yẹn. Àwọn ọmọ á gbé bàbá bàbá wọn sórí ẹsẹ̀, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀. Ibojì ló ń sọ ẹni tí o jẹ́ àti ilẹ̀ tó jẹ́ tìrẹ. Bí ẹnì kan bá béèrè pé ọmọ ta ni ẹ́, ibi tí wọn yóò sin ọ́ sí ni ìdáhùn. Ẹrú kò ní ibojì ìdílé. Tí ó bá kú, a sin ín síbì kan, ó parí. Kò sẹ́ni tí yóò wá ṣí i, kò sẹ́ni tí yóò pààrọ̀ aṣọ rẹ̀.

Nígbà tí a débí yìí nínú ìwé tí à ń kà, ọ̀kan nínú wa sọ ohun kan tó yà wá lẹ́nu. Ó ní ọmọ bíbí náà ń jìyà ní Imerina, ó tiẹ̀ lè ju ti ẹrú lọ. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ ọba kan wà tí wọ́n ń pè ní fanompoana. Ìpilẹ̀ rẹ̀ dára: ará ìlú ń bá ọba ṣiṣẹ́ láti fi bọ̀wọ̀ fún un, bí ìgbà tí àwa náà ń ṣe ọ̀wẹ̀ fún ọba. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di àárín ọ̀rúndún 19, ó ti di ẹrù. Ọmọ ogun tí kò gbowó ni. Ẹni tó ń ru ẹrù ìjọba láti etí òkun gun òkè ni. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí ilé iṣẹ́ ìbọn àti ẹ̀tù tí Jean Laborde, òyìnbó Faransé kan, dá sílẹ̀ ní Mantasoa fún ọbabìnrin Ranavalona Kìíní náà ni. Ẹrú kì í lọ síbẹ̀, torí pé olówó rẹ̀ ló ni ín. Ọmọ bíbí ló ń lọ.

Ranavalona yẹn, láàárín 1828 sí 1861, ìwé àwọn òyìnbó kún fún èébú rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di wèrè lórí ìtẹ́. A ò gbà. Ìlú rẹ̀ ló ń dì mú kó má bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, kò sì bọ́ títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n a ò ní tìtorí pé òyìnbó bú u ká wá sọ ọ́ di ìyá rere. Ní àsìkò rẹ̀ ni wọ́n ń fi tangena dán ọ̀pọ̀ èèyàn wò, ìyẹn èso igi olóró kan. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn á gbé awọ adìẹ mẹ́ta mì, á mu oró náà lé e. Tó bá bì, tí awọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Tí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù sínú, ó jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló kú níbẹ̀. Wọ́n pa àwọn Kristẹni náà. Ẹni tó bá fẹ́ràn Ranavalona gbọ́dọ̀ lè ka gbogbo èyí láì gbé ojú kúrò.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ wa sọ. Bí ọmọ bíbí bá ń ṣiṣẹ́ ju ẹrú lọ láì gbowó, kí wá ni òmìnira rẹ̀? A ronú lórí ẹ̀ títí. Ohun tí a rí ni pé iṣẹ́ kọ́ ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ọmọ bíbí tó kú sójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù ọba lórí, àwọn èèyàn rẹ̀ á wá a, wọ́n á gbé egungun rẹ̀ wálé, wọ́n á tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ẹni tí yóò wá ọ ni òmìnira. A mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ìwé òfin máa ń sọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tó hàn sí wa nìyẹn, ó sì ṣe pàtàkì fún ohun tó kù tí a fẹ́ sọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ká sáré sọ ọ́. Ní 1869, ọbabìnrin Ranavalona Kejì àti Rainilaiarivony, olórí ìjọba tó fẹ́ ọbabìnrin mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, ṣe ìrìbọmi. Ní 1877, ìjọba wọn fúnra wọn kéde pé àwọn Masombika ti di òmìnira. Ẹ rántí èyí, torí ó túmọ̀ sí pé wọn ò jókòó ti Faransé kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹrú kò dáa. Àmọ́ wọ́n dúró síbẹ̀. Andevo tó jẹ́ Malagásì wà nínú ìdè rẹ̀. Faransé bá wọn jà láti 1883 sí 1885, wọ́n sì gba 10,000,000 fáránkì lọ́wọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí owó ìtánràn. Mẹ̀kúnnù ló san án: wọ́n ń fi fanompoana kó wọn lọ wa góòlù. Ní 1890, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín in láàárín ara wọn: ìwọ mú Zanzibar, èmi á mú Madagásíkà. Kò sẹ́ni tó bi ẹni tó ni ilẹ̀.

Àwọn Malagásì máa ń sọ pé ọ̀gágun méjì ni àwọn ní, Hazo àti Tazo, ìyẹn Igbó àti Ibà. Ní 1895, nǹkan bí 15,000 ọmọ ogun Faransé gúnlẹ̀ sí Majunga lábẹ́ ọ̀gágun Duchesne. Ọ̀gágun Ibà ṣiṣẹ́ tirẹ̀: ó tó 6,000 tí àìsàn pa nínú wọn, àwọn tí ìbọn pa kò tó 50. Síbẹ̀, àwọn tó kù gun òkè, wọ́n yin àgbá sí ààfin, Antananarivo sì ṣubú ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án. Kò pẹ́ tí àwọn ará oko fi dìde. Menalamba ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn aláṣọ pupa, torí pé aṣọ wọn gba àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Faransé ni wọ́n ń bá jà, ṣùgbọ́n wọ́n ń sun ṣọ́ọ̀ṣì náà, torí ilé ìjọsìn ni ìjọba Merina fi ń kó àwọn èèyàn ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ìtàn yìí kì í ṣe ti òyìnbó àti èèyàn dúdú nìkan.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1896, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris sọ Madagásíkà di ilẹ̀ Faransé. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, Hippolyte Laroche, aṣojú ìjọba tí wọ́n ti fẹ́ pààrọ̀, fọwọ́ sí ìwé tó fòpin sí ẹrú níní. Iye tí wọ́n máa ń dá fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó 500,000.

Ẹ má jẹ́ ká fojú kéré ọjọ́ yẹn. Ó rọrùn fún àwa tí a jókòó pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ láti ní ìwé lásán ni. Obìnrin kan wà ní Antananarivo tí ọmọ rẹ̀ lè di ọjà lọ́la. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọmọ náà kúrò lọ́jà. Ohunkóhun tí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé náà ní lọ́kàn, ọmọ kúrò lọ́jà. Ẹni tó bá kórìíra Faransé débi pé kò lè sọ gbólóhùn yẹn, a ò rò pé obìnrin yẹn ló ń gbèjà.

Ní báyìí, ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Gallieni gba àkóso lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìwé yẹn. Ní oṣù kẹwàá, ó ní kí wọ́n yìnbọn pa Rainandriamampandry tó jẹ́ mínísítà, àti ọmọ ọba Ratsimamanga, láti fi dẹ́rù ba ìlú. Ní oṣù kẹwàá kan náà ni òfin jáde pé gbogbo ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, láti ọmọ ọdún 16 sí 60, yóò máa ṣiṣẹ́ fún ìjọba fún 50 ọjọ́ lọ́dọọdún. Owó orí dé pẹ̀lú. Gallieni ní ó máa kọ́ wọn ní ìwà, ó máa jẹ́ kí wọ́n mọ iṣẹ́ ṣe. Ẹrú tó gba òmìnira ní oṣù kẹsàn-án wà lójú títì ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ń fọ́ òkúta, ọ̀gá rẹ̀ àná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdọ́gba dé lóòótọ́! Ní 1926, ìjọba amúnisìn tún dá ohun tí wọ́n ń pè ní SMOTIG sílẹ̀: àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ orúkọ wọn fún iṣẹ́ ológun, tí wọn ò nílò nínú ogun, wọ́n á kó wọn lọ sí àgọ́, wọ́n á wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n á la ọ̀nà rélùwéè láti Fianarantsoa lọ sí Manakara. Ìgbà tó di nǹkan bí 1936 ni wọ́n tó fòpin sí i. Ọkọ̀ ojú irin yẹn ṣì wà, àwọn arìnrìn-àjò máa ń ya fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram torí pé ojú ọ̀nà náà rẹwà.

Nítorí náà, kí ni ìdáhùn wa? Ẹnì kan nínú wa ní ká fi méjèèjì sórí òṣùwọ̀n: Faransé dá ẹrú sílẹ̀, Faransé fipá kó èèyàn ṣiṣẹ́, ẹ yọ ọ̀kan lára èkejì. A kọ̀. Gbèsè tí o jẹ Àìná, o ò lè fi oore tí o ṣe fún Òjó san án. Ohun kejì ni pé títú ẹrú sílẹ̀ kì í ṣe oore. Ohun tó jẹ́ ti èèyàn ni wọ́n dá padà fún un. Bí mo bá bá àpò rẹ lọ́wọ́ ẹlòmíì, tí mo gbà á, tí mo fún ọ, o lè kí mi, ṣùgbọ́n àpò náà kò di ẹ̀bùn. Èyí ló jẹ́ ká lè sọ nǹkan méjì pa pọ̀ láì tì: ìwé 1896 tọ̀nà, ẹni tó kọ ọ́ kò sì tìtorí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà rárá. Ó tún jẹ́ ká lè sọ ẹ̀kẹta, èyí tí kì í dùn ún sọ: ó yẹ kí àwọn Merina ti dá àpò yẹn padà kí àjèjì tó dé.

Kí ẹ má bàa rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè là ń fi ẹnu sọ lásán, ọ̀kan nínú wa, Kétu ni ìyá rẹ̀ ti wá. Ní 1886, ogun Dahomey fọ́ Kétu, wọ́n kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dahomey, ni àwọn tó kù tó padà wálé wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Béhanzin yẹn, Faransé gbé e lọ sí Martinique, wọ́n tún gbé e lọ sí Algeria, ibẹ̀ ló kú sí ní 1906. Ní Algeria kan náà, ní ọdún kan náà yẹn, ni Ranavalona Kẹta, ọbabìnrin ìkẹyìn ní Madagásíkà, wà. Wọ́n ti lé e kúrò nílé láti 1897, ibẹ̀ lòun náà kú sí ní 1917. Ère Béhanzin wà ní Abomey báyìí, akọni ni wọ́n kà á sí, ó sì bá òyìnbó jà lóòótọ́. Ọ̀rẹ́ wa yìí ní nígbà tí òun wà ní kékeré, tí àwọn kọjá níwájú ère náà, ìyá òun kò wò ó. Kò bú u, kò tutọ́. Kò kàn wò ó ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ kí ìyá yẹn dúpẹ́ lọ́wọ́ Faransé rí o.

Ohun tí Faransé kò fún àwọn andevo ni ilẹ̀. Àwọn kan padà lọ wá ibi tí wọ́n ti kó àwọn òbí wọn. Púpọ̀ kò mọ ibẹ̀ mọ́, ṣé ẹni tó sọnù ni wọ́n. Wọ́n dúró ti àwọn olówó wọn àná, wọ́n ń dáko wọn, wọ́n ń pín irè. Títí di òní, lórí òkè Imerina àti ní ilẹ̀ Betsileo, ìdílé pọ̀ tí kò ní gbà kí ọmọ wọn fẹ́ ọmọ andevo. Kì í ṣe pé ó wà lára aṣọ tí èèyàn wọ̀. Wọ́n á wádìí: níbo ni ibojì bàbá rẹ wà? Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn ti dáhùn. Ìbéèrè yẹn ṣì ń tú ìgbéyàwó ká ní ìlú tí wọ́n ti ní òmìnira láti ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1960.

Ọdún 1947 sì wà láàárín. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kẹta, àwọn Malagásì dìde sí Faransé, ní Moramanga àti lápá ìlà oòrùn. Ìjà náà gba ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Faransé kó ọmọ ogun wá, títí kan àwọn ọmọ Áfíríkà láti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń ṣàkóso. Lálẹ́ ọjọ́ 5 sí 6 oṣù karùn-ún, wọ́n ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ju 100 lọ mọ́ inú ọkọ̀ rélùwéè tí wọ́n fi ń kó màlúù, ní Moramanga, wọ́n sì yìnbọn lù wọ́n níbẹ̀. Iye àwọn tó kú lápapọ̀ ṣì ń fa àríyànjiyàn: àwọn kan ní 11,000, òmíràn ní 89,000. Ìdí tí iye náà fi jìnnà síra báyẹn ni pé púpọ̀ nínú wọn kò kú síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà wọ́n. Inú igbó ni wọ́n sá sí, ebi àti àìsàn ló pa wọ́n síbẹ̀. Ọmọ bíbí, ọmọ ìjòyè, ọmọ andevo, wọ́n kú síbi tí a ò mọ̀. Ìdílé tí ibojì rẹ̀ ti wà láti ìran dé ìran wá ní ẹni tí kò lè gbé wọlé. Wọ́n kú, ìyá wọn ò gbọ́.

A ti ń rò ó pé bóyá ẹni tí èyí ṣẹlẹ̀ sí ìdílé rẹ̀ á túbọ̀ mọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọmọ andevo. Kò dájú. Ìyà kì í fìgbà gbogbo kọ́ èèyàn lójú àánú. Nígbà míì ńṣe ló máa ń jẹ́ kéèyàn di ti ara rẹ̀ mú, kó máa sọ pé "àwa", "àwọn bàbá wa", kó má sì béèrè ta ló wà nínú "àwa" yẹn. Àwa tí à ń kọ èyí náà ti lo "àwa" léraléra láti òkè, a sì mọ̀ pé bí a bá tú ìdílé wa wò, ọmọ ológun wà níbẹ̀, ọmọ ẹni tí wọ́n kó lójú ogun náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ń sọ apá kejì yẹn lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Ọba Toera fúnra rẹ̀, ilé tó ti wá kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọba Sakalava fi èèyàn ra ìbọn lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò òyìnbó fún ìgbà pípẹ́. Ìyẹn kò sọ pé kí orí rẹ̀ wà ní Paris. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn dá tí ó fún àjèjì láṣẹ láti fi orí rẹ̀ ṣe ohun àmúṣèwádìí. Inú wa dùn pé ó ti délé, a sì tún sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú gúrúùpù wa lẹ́yìn gbogbo ìjà.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìjà náà, òun ló tún mú ohun ìkẹyìn wá. Ó ní ká lọ tún ìròyìn yẹn kà dáadáa. Agbárí mẹ́ta ni wọ́n dá padà. Àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ wọ́n wò sọ pé Sakalava ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n wọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí ni ọba. Wọ́n kàn rò pé ọ̀kan nínú wọn ni. Àwọn méjì yòókù kò ní orúkọ. Ó lè jẹ́ ìjòyè, ó lè jẹ́ ọmọ ogun, ó lè jẹ́ ẹni tó ń pọnmi láàfin tó sì wà níbẹ̀ nígbà tí ìbọn dún. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ kó wálé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àwọn èèyàn jáde wá pàdé.